Wọlé rọrùn, jáde ni iṣẹ́: àtúnṣe sẹ́ṣọ̀n lórí ìkànnì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Iléṣà

Bí mo ṣe bá a

Àwọn oníṣòwò tó yí Ọjà Atakúnmọ̀sà ká ní Iléṣà ló ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yìí. Aláṣọ pọ̀ nínú wọn, aláta àti oníkòkó wà níbẹ̀, àwọn kan sì ń ti Ìbòkun àti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà wá. Orí ìkànnì ẹgbẹ́ ni wọ́n ti ń wo iye tí wọ́n fi pamọ́, ẹ̀yáwó tó wà lọ́rùn wọn, èlé orí rẹ̀, àti ẹni tí wọ́n ṣe onídùúró fún. Akọ̀wé àti akápò ní ojú ewé tiwọn, níbi tí wọ́n ti ń tẹ owó ọ̀sẹ̀ wọlé látinú ìwé, tí wọ́n sì ti ń fọwọ́ sí ẹ̀yáwó.

PHP (èdè kóòdù) àti MySQL (dátábéèsì, ibi tí àkọsílẹ̀ ń wà) ni wọ́n fi kọ ọ́, orí sáfà kékeré kan, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbé ìkànnì fún ẹni tó bá ṣí i, ló sì wà, oṣooṣù ni ẹgbẹ́ ń sanwó rẹ̀, Ubuntu ni ètò tó ń darí sáfà náà. Ẹni tó kọ ọ́ ti bá iṣẹ́ mìíràn lọ. N kò ní pè é ní aláìmọṣẹ́ o. Ó fi bcrypt, tó ń sọ ọ̀rọ̀ di ohun tí a kò lè tú padà, pa páásíwọ́ọ̀dù mọ́ bó ṣe yẹ, mo sì ti rí ìkànnì olówó gọbọi tí kò ṣe tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹnu ọ̀nà ló kó gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ sí. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí èèyàn bá ti wọlé tán, àti bí onítọ̀hún yóò ṣe jáde, kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ ẹ́ lógún.

Ẹ̀sùn pọ̀, ṣùgbọ́n Bàbá Akọ̀wé ló sọ ọ́ tó yé mi jù: "Ẹ bá wa wò ó. Àwa tá à ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ yìí ń lé wa jáde. Àwọn tó yẹ kó lé, wọ́n jókòó síbẹ̀."

Sẹ́ṣọ̀n, fún ẹni tí kò tíì tú u wò rí

HTTP, tí búráúsà àti sáfà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, kì í dá èèyàn mọ̀. Tí o bá ṣí ojú ewé kan, tí o tún ṣí èkejì, àlejò tuntun ni ọ́ lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ní 1994, Lou Montulli tó ń ṣiṣẹ́ ní Netscape wá ojútùú sí i: sáfà yóò fún búráúsà ní ọ̀rọ̀ kékeré kan, búráúsà yóò sì máa gbé e wá ní gbogbo ìgbà tó bá ń bọ̀. Òun ni kúkì.

Lórí ìkànnì bíi tiwa yìí, kò sí orúkọ, kò sí iye owó nínú kúkì. Nọ́ńbà gígùn kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, bíi nọ́ńbà orí káàdì ilé ìwòsàn: o fi káàdì sílẹ̀ lójú fèrèsé, wọ́n wá fáìlì rẹ jáde lórí pẹpẹ. Fáìlì náà ni sẹ́ṣọ̀n, ọ̀dọ̀ sáfà ló wà, ibẹ̀ náà ló sì yẹ kó wà. Ṣùgbọ́n sáfà kì í wo ojú. Ẹni tó bá mú nọ́ńbà rẹ dání, ìwọ ni. Páásíwọ́ọ̀dù rẹ ì báà gùn tó ojú irin, kò kan ẹni tó ti ní nọ́ńbà yẹn lọ́wọ́.

Nítorí náà, iṣẹ́ mi kò ju pé kí n mọ gbogbo ibi tí nọ́ńbà yìí lè gbà já sọ́wọ́ ẹlòmíràn, kí n sì rí i pé a lè pa á nígbà tó bá yẹ ká pa á.

Líǹkì tó ń gbé èèyàn wọlé

Èyí tó burú jù ni mo kọ́kọ́ mú. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ rí ìkéde ìpàdé ọdọọdún lórí ìkànnì, ó sì fẹ́ kí àwọn yòókù rí i. Ó da líǹkì òkè búráúsà kọ, ó fi í sínú gúrúùpù WhatsApp ẹgbẹ́. Gbogbo ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló bá ara rẹ̀ nínú àkáǹtì ìyá náà: orúkọ rẹ̀ lókè, gbèsè rẹ̀ nísàlẹ̀, títí kan oṣù tí kò rí san.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìjẹ̀ṣà, ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Òṣómàáló ni àwọn bàbá wa, àwìn kò ṣàjèjì sí wa, ṣùgbọ́n a kì í ṣí ìwé gbèsè ẹnìkan láàárín ọjà. Ìyá náà kò wá sí ọjà fún ìgbà díẹ̀.

Ìparí líǹkì náà rí báyìí:

`/ipade.php?PHPSESSID=k3v9t0…`

Ọ̀nà méjì ni PHP lè gbà gbé nọ́ńbà sẹ́ṣọ̀n: nínú kúkì, tàbí nínú àdírẹ́sì ojú ewé. Ọ̀nà kejì yìí ni wọ́n ṣí sílẹ̀. Mo bá a nínú fáìlì ètò, àkíyèsí kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé àwọn fóònù kan kì í gba kúkì:

`session.use_only_cookies = 0`
`session.use_trans_sid = 1`

Bóyá òótọ́ ni nígbà tí fóònù onítẹ̀tẹ̀ ṣì pọ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó bá wọ àdírẹ́sì kò tún ṣe é fi pamọ́. Ó wà nínú ìtàn búráúsà, ó wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ sáfà, ó wà nínú àwòrán ojú fóònù tí èèyàn bá yà ránṣẹ́, kí a má tíì sọ WhatsApp. Àwọn tó ń ṣe PHP fúnra wọn ti pa ọ̀nà yìí dé fún ẹni tí kò bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣí i, PHP 8.4 tó jáde ní 2024 sì ti ń kìlọ̀ fún ẹni tó bá ṣí i.

Mo yí ìlà méjèèjì padà, mo fi `session.use_strict_mode = 1` kún un kí sáfà má baà gba nọ́ńbà tí kì í ṣe òun ló fúnni. Lẹ́yìn náà mo pa gbogbo sẹ́ṣọ̀n tó wà nílẹ̀ rẹ́ pátápátá. Gbogbo èèyàn ló ní láti tún wọlé, àwọn kan sì pè mí pé wọ́n ti ba ìkànnì jẹ́. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Líǹkì inú gúrúùpù yẹn kò ní kú láìṣe ìyẹn.

Nọ́ńbà tí kì í yí padà

Ẹ ṣí ìkànnì ní Chrome lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ F12, ẹ wo ibi tí kúkì wà. Mo ṣe é lójú ewé ìwọlé, kí n tó tẹ orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù, mo kọ lẹ́tà mẹ́rin àkọ́kọ́ sílẹ̀. Mo wọlé. Mo tún wò ó. Nọ́ńbà kan náà ni.

Èèyàn lè ní kí ló burú níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọmọ kan ní sọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ṣí ojú ewé ìwọlé, ó kọ nọ́ńbà tí sáfà fún un sílẹ̀, ó wá sọ fún oníbàárà pé, "Màmá, ẹ jókòó, mo ti ṣí i fún yín." Màmá tẹ páásíwọ́ọ̀dù tiwọn. Láti ìgbà yẹn lọ, nọ́ńbà tó wà nínú ìwé ọmọ náà ti di nọ́ńbà ẹni tó ti wọlé. Ó lè jókòó sórí ẹ̀rọ mìíràn kó máa bá Màmá lọ. Kò jalè páásíwọ́ọ̀dù, kò sì nílò rẹ̀.

Ìlà kan ṣoṣo ló tún un ṣe, `session_regenerate_id`, kí wọ́n sì sọ fún un pé kó pa ti àtijọ́ rẹ́. Mo fi í sí ibi tí páásíwọ́ọ̀dù ti bá tọ̀nà, mo tún fi í sí ibi tí akápò ti ń bọ́ sí ojú ewé ìfọwọ́sí. Ìgbà tí àṣẹ èèyàn bá yí padà, nọ́ńbà rẹ̀ gbọ́dọ̀ yí padà.

MDA0Nw==

Àpótí kan wà lábẹ́ ibi ìwọlé, "Rántí mi". Ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ ló máa ń tẹ̀ ẹ́, nítorí páásíwọ́ọ̀dù a máa ni àgbàlagbà lára. Bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, kúkì kejì yóò wọ fóònù, ọdún kan ni yóò sì fi wà níbẹ̀. Mo ṣí ti ọmọ ẹgbẹ́ kan tó gbà mí láyè, ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni `MDA0Nw==`.

Ẹni tó bá ti bá kóòdù gbé díẹ̀ yóò ti máa rẹ́rìn-ín. Base64 nìyẹn, ọ̀nà kan láti tún ọ̀rọ̀ kọ lásán, kì í ṣe ìpamọ́, ọmọdé lè tú u. Mo tú u, ó di 0047. Nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ náà ni. Mo yí i sí `MDA0OA==`, èyí tí í ṣe 0048, mo sọ ojú ewé di ọ̀tun, mo sì di ọmọ ẹgbẹ́ tó tẹ̀ lé e lórí ìwé. Kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Mo pa á dé kíá, mo pe Bàbá Akọ̀wé, mo ní kí a ti "Rántí mi" pa ná títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ó bi mí bóyá ẹnikẹ́ni ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Mo wo ìwé àkọsílẹ̀ sáfà dé ibi tó dé, n kò rí àmì rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé náà kì í kọ ohun tó wà nínú kúkì sílẹ̀, nítorí náà n kò lè búra.

Mo tún un kọ láti ìpìlẹ̀. Báyìí, bí èèyàn bá tẹ "Rántí fóònù yìí", sáfà yóò fi `random_bytes` ṣe báìtì 32 tí kò ní ìtumọ̀ kankan, yóò fi í sínú kúkì, yóò sì fi SHA-256 rẹ̀ nìkan, ìyẹn àmì rẹ̀ tí a kò lè tú padà, pamọ́ sí dátábéèsì. Ẹni tó bá tilẹ̀ jí dátábéèsì wa kò ní rí ohun tó lè fi wọlé níbẹ̀. Ọjọ́ 30 ló fi ń wà dípò ọdún kan. Bí wọ́n bá lò ó lẹ́ẹ̀kan, sáfà yóò pààrọ̀ rẹ̀. Bí èyí tí wọ́n ti pààrọ̀ bá tún yọjú, a jẹ́ pé ẹni méjì ló ń lo kúkì kan, gbogbo ibi tí onítọ̀hún ti wọlé ni yóò sì pa dé.

Ohun tí mo fi mú un le díẹ̀ ni pé ẹni tí fóònù rẹ̀ rántí rẹ̀ lè wo owó rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ tọrọ ẹ̀yáwó tàbí yí nọ́ńbà àkáǹtì báǹkì padà, yóò tẹ páásíwọ́ọ̀dù. Wọ́n kùn sí ìyẹn. N kò yí i padà.

Àdírẹ́sì IP, ààbò tí kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni

Ìdí tí àwọn ará Ìbòkun fi máa ń bá ara wọn níta ní gbogbo ìgbà nìyí. Kóòdù náà ń fi àdírẹ́sì IP ẹni tó wọlé, ìyẹn nọ́ńbà tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń lò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, pamọ́, bó bá yí padà, ó lé e jáde. Ó jọ ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n fóònù tó ń lo dátà kì í ní àdírẹ́sì kan títí lọ: bó bá kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan bọ́ sórí Wi-Fi, tàbí bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já tó sì padà, ó lè gba òmíràn. Ẹni tó wọ mọ́tò láti Ìbòkun dé Iléṣà lè ti gba oríṣi mélòó kan kó tó dé ọjà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹgbàágbèje fóònù a máa pín àdírẹ́sì kan lò lẹ́yìn ẹ̀rọ iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, nítorí náà ẹni tó jókòó tì ọ́ lè ní IP kan náà pẹ̀lú rẹ. Ó ń lé onílé, kò sì dá olè dúró. Mo yọ ọ́ kúrò.

Akọ̀wé àti ìṣẹ́jú 24

Bàbá Akọ̀wé a máa jókòó tẹ owó ọ̀sẹ̀ látinú ìwé ńlá. Aláṣọ kan á dé, wọ́n á kí ara wọn, wọ́n á bèèrè ara ilé, ọ̀rọ̀ onídùúró á wọ̀ ọ́. Nígbà tó bá fi padà sídìí kọ̀ǹpútà tó tẹ "Fi pamọ́", ojú ewé ìwọlé ni yóò rí, gbogbo ohun tó ti tẹ̀ á ti lọ. Ohun tó ń bí i nínú jù ni pé kò rí ibì kan tó lè fi ṣe ìwọ̀n: ó lè pẹ́ gan-an lọ́jọ́ kan kó má ṣẹlẹ̀, ó lè má pẹ́ lọ́jọ́ kejì kó ṣẹlẹ̀.

Ó ní ìdí. Iye tí PHP fi sílẹ̀ láti ilé ni ìṣẹ́jú-àáyá 1440, ìyẹn ìṣẹ́jú 24. Ṣùgbọ́n sẹ́ṣọ̀n kì í kú lójú ẹsẹ̀ tí ìṣẹ́jú 24 bá pé. Ó kàn di ohun tí agbálẹ̀, ìyẹn ètò tó ń pa fáìlì sẹ́ṣọ̀n àtijọ́ rẹ́, lè gbá ni. Lórí Ubuntu, ìdajì wákàtí sí ìdajì wákàtí ni agbálẹ̀ yẹn ń wá sí `/var/lib/php/sessions`. Bí ìṣẹ́jú 24 bá pé nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá ilẹ̀ lọ, ó kù bí ìdajì wákàtí kó tó padà. Bó bá pé nígbà tó ń bọ̀ lọ́nà, kíá ni. Orí rere ni Bàbá Akọ̀wé ń lò.

Mo gba ọ̀rọ̀ náà kúrò lọ́wọ́ agbálẹ̀. Tábìlì kan wà nínú MySQL báyìí tó ń kọ ìgbà tí sẹ́ṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí wọ́n lò ó kẹ́yìn, kóòdù tiwa ló sì ń pinnu. Fún àwọn aláṣẹ, ìṣẹ́jú 30 láìfọwọ́ kan nǹkan, wákàtí 12 ní gbogbo rẹ̀, kò sì sí "Rántí mi" fún wọn rárá. Ìwé ìlànà SP 800-63B tí NIST, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbé ìlànà ìmọ̀ ẹ̀rọ kalẹ̀, gbé jáde ní 2017 ni mo ti mú iye méjèèjì, ìpele àárín nínú ìpele ààbò mẹ́ta tó wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú kọ́ ló ń dun Bàbá Akọ̀wé, iṣẹ́ tó ń sọnù ni. Nítorí náà gbogbo ìlà tó bá ti tẹ̀ tán ń wọ dátábéèsì fúnra rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ tí kò tíì parí. Bí sẹ́ṣọ̀n bá kú, yóò wọlé padà, yóò sì bá iṣẹ́ rẹ̀ níbi tó fi í sí. Láti ìgbà náà, n kò tún gbọ́ ẹ̀sùn lórí ìṣẹ́jú lẹ́nu rẹ̀.

Ohun kékeré kan tún wà níbẹ̀: bí akápò bá ṣí ìròyìn ọdún tó máa ń pẹ́, gbogbo ojú ewé rẹ̀ yòókù a dúró gbagidi. PHP máa ń ti fáìlì sẹ́ṣọ̀n pa mọ́ ẹni tó kọ́kọ́ ṣí i lọ́wọ́ títí yóò fi ṣe tán. `session_write_close` níbẹ̀rẹ̀ ojú ewé ìròyìn náà, ó parí.

Bọ́tìnnì Jáde

Mo gbà láti lọ jókòó ní sọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ ti ń wo àkáǹtì wọn, nítorí ohun tí èèyàn rí níbẹ̀, kò lè rí i lórí láptọ́ọ̀pù nílé. Ìyá kan wo owó rẹ̀, ọmọ tó ni sọ́ọ̀bù tẹ̀ ẹ́ jáde lórí ìwé fún un, ìyá tẹ "Jáde", ó san owó, ó dìde. Òmíràn jókòó. Kí ó tó tẹ nǹkan kan, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, mo tẹ ọfà ìpadàsẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan. Àkáǹtì ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde ló yọ. Mo sọ ojú ewé náà di ọ̀tun, kò lọ. Mo tẹ "Àwọn onídùúró", ó ṣí.

"Ẹ̀gbọ́n, mo máa ń pa búráúsà fún wọn ni o," ni ọmọ náà wí.

Ó ń gbìyànjú. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣètò Chrome orí ẹ̀rọ rẹ̀ pé kó máa bẹ̀rẹ̀ níbi tó dúró sí, bẹ́ẹ̀ sì ni Chrome tó bá wà báyẹn a máa gbé kúkì tó yẹ kó ti kú padà wá. Lórí fóònù ńkọ́? Ta ló ń pa búráúsà lórí fóònù?

Mo lọ wo kóòdù tó wà lẹ́yìn "Jáde". Ìlà kan péré ni: ó gbé èèyàn lọ sí ojú ewé ìwọlé. Kò pa sẹ́ṣọ̀n, kò pa kúkì. Ó kàn mú ọ kúrò níbẹ̀, ilẹ̀kùn ṣì ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Báyìí, "Jáde" ń kọ́kọ́ yọ ìlà sẹ́ṣọ̀n náà kúrò nínú tábìlì wa, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ikú rẹ̀ wà. Lẹ́yìn náà ló ń ní kí búráúsà da kúkì nù, àti kúkì ìrántí bó bá wà. Mo sì sọ ọ́ di bọ́tìnnì tó ń fi POST (ọ̀nà tí fọ́ọ̀mù ń gbà ránṣẹ́ sí sáfà) ránṣẹ́ dípò líǹkì, kí ẹnikẹ́ni má baà fi líǹkì lé ẹlòmíràn jáde láti ibòmíràn. Àwòrán ojú ewé tó kù lẹ́yìn ọfà ìpadàsẹ́yìn nìkan ló ṣẹ́kù. Gbogbo ojú ewé tó bá ní owó lórí ń sọ èyí fún búráúsà:

`Cache-Control: no-store`

Pé kó má tọ́jú rẹ̀. Mo fi ìlà JavaScript díẹ̀, kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ nínú búráúsà, kún un pé, bí ojú ewé bá ti inú ìpamọ́ yọjú, kó tún lọ bèèrè lọ́wọ́ sáfà kó tó fi nǹkan han ẹnikẹ́ni. Mo padà sí sọ́ọ̀bù náà, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló tẹ ọfà. Ojú ewé ìwọlé ló rí.

Kúkì náà fúnra rẹ̀

`Set-Cookie: __Host-egbe=…; Path=/; Secure; HttpOnly; SameSite=Lax`

Secure, nítorí ìkànnì náà ní ìwé ẹ̀rí Let's Encrypt tó ń jẹ́ kó lo HTTPS, ọ̀nà tí ẹlòmíràn kò lè kà, ṣùgbọ́n ó ṣì ń dáhùn lórí HTTP lásán, ẹni tó bá sì tẹ àdírẹ́sì láìsí s, nọ́ńbà rẹ̀ ń rìn ní ìhòòhò lórí Wi-Fi sọ́ọ̀bù. Kì í ṣe àròsọ: ní 2010 ni Eric Butler gbé Firesheep jáde, irinṣẹ́ inú Firefox tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó jókòó sórí Wi-Fi tí kò ní páásíwọ́ọ̀dù fi ẹyọ ìtẹ̀ kan di ẹlòmíràn lórí Facebook. HttpOnly, kí JavaScript má lè ka kúkì náà bí ẹnìkan bá tilẹ̀ rí ibi ki kóòdù burúkú sí. SameSite ló ń sọ bóyá kúkì yóò bá ẹni tó ti orí ìkànnì mìíràn tẹ líǹkì wá. Lax ni mo mú dípò Strict tó le jù ú lọ, nítorí inú búráúsà láptọ́ọ̀pù ni Bàbá Akọ̀wé ti ń lo WhatsApp. Bó bá jẹ́ Strict ni, gbogbo líǹkì tó bá tẹ̀ láti ibẹ̀ ni yóò bá a ní ẹni tí kò tíì wọlé, á sì tún pè mí.

Ibi tí mo ti wọlé

Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Níwọ̀n bí sẹ́ṣọ̀n ti wà nínú tábìlì, ó rọrùn láti fi han ẹni tó ni ín. Ojú ewé kan wà báyìí tó ń to gbogbo fóònù àti kọ̀ǹpútà tí àkáǹtì rẹ wà ní ṣíṣí lórí rẹ̀, ìgbà tí wọ́n lò ó kẹ́yìn, àti bọ́tìnnì "Lé e jáde" ní iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan wà nísàlẹ̀ tó ń lé gbogbo wọn jáde àyàfi èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ. Bí èèyàn bá yí páásíwọ́ọ̀dù padà, ìyẹn ń ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ìyá aláṣọ kan ṣí i lójú mi, ó rí fóònù kejì tí kò mọ̀ rí. Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀, ó wá rántí pé nígbà ọdún Ìwúde, tí àwọn ọmọ ti Èkó wálé, fóònù ọmọ òun ni òun fi wo owó. "Ṣé láti ìgbà yẹn ló ti ń wo gbogbo ohun tí mo ní? Abájọ tó fi ń bi mí léèrè owó gẹ́nẹ́réétọ̀!" Ó tẹ "Lé e jáde" kí n tó ṣàlàyé tán.

Àwọn ọ̀dọ́ tí a jọ ń kọ kóòdù ní kí ló dé tí n kò lo JWT, èyí tí wọ́n kọ ìlànà rẹ̀ sínú RFC 7519 ní 2015. Pẹ̀lú rẹ̀, sáfà kò ní láti tọ́jú nǹkan kan. Gbogbo ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó wọlé, pẹ̀lú àmì ìfọwọ́sí sáfà lórí rẹ̀. Ó dára fún iléeṣẹ́ tó ní sáfà rẹpẹtẹ. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ti wà lọ́wọ́ oníbàárà pátápátá, o kò lè gbà á padà kí àkókò rẹ̀ tó pé, àyàfi kí o tún ṣí ìwé àwọn tí o lé jáde, kí o sì máa wò ó ní gbogbo ìgbà. Nígbà náà, o ti padà sídìí tábìlì tí o ń sá fún. Sáfà kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ yìí ní, fóònù tó ń sọnù lọ́jà sì ju ẹyọ kan lọ.

Ohun tó kù

SMS sí ẹni tí wọ́n bá fi àkáǹtì rẹ̀ wọlé lórí fóònù tuntun: mo ti kọ ọ́, ṣùgbọ́n owó ni SMS, ìgbìmọ̀ kò tíì gbà á wọlé. Kóòdù ìgbésẹ̀ kejì fún akápò àti akọ̀wé, lórí áàpù tó ń yí nọ́ńbà mẹ́fà padà ní ìṣẹ́jú-àáyá 30: akọ̀wé ti gbà, ó ti wà lórí fóònù rẹ̀.

Akápò kò tíì gbà. Ó ní kí n kọ́kọ́ sọ ìṣẹ́jú 30 di wákàtí méjì fún òun. Mo ní kò ṣeé ṣe. Ó ní òun yóò gbé e dé ìpàdé.